Bátìrì tó ti kú: Ta ló ń jẹ èrè òjé inú rẹ̀, ta ló ń jẹ májèlé rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ní ìparí ọdún 2007, àwọn obìnrin kan ní Ngagne Diaw, àdúgbò kan ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá ìlú Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, rí iṣẹ́ tuntun kan. Iṣẹ́ náà kò gba owó ìdókòwò, kò sì gba ìwé ẹ̀rí. Yanrìn ni wọ́n ń jọ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú yanrìn náà ni ẹ̀rún òjé, tó ti ń kó jọ sínú ilẹ̀ àdúgbò náà láti ọdún 1995 tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, iye owó òjé lọ́jà àgbáyé gòkè dé ibi tí kò dé rí, ó súnmọ́ 4,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ilẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń tẹ̀ lójoojúmọ́ wá di owó. Àwọn obìnrin náà wa yanrìn, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò. Lára rẹ̀ wọ inú ilé, ibi tí àwọn ọmọ wọn ń sùn, tí wọ́n ń rákòrò, tí wọ́n sì ń jẹun.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2007 títí di oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú ní àdúgbò kan ṣoṣo yìí. Àìsàn tó pa wọ́n ń kọlu ọpọlọ, kì í sì í fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera, tí àwọn aṣojú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, wà lára wọn, yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 50 wò ní àdúgbò náà, ọmọ tí òjé kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní máíkírógíráàmù 39.8 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Èyí tó pọ̀ jù ní 613.9. Ìpíndọ́gba àwọn 50 náà jẹ́ 129.5.

Kí ẹni tó ń kà á lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó: WHO sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn tí a mọ̀ pé kò léwu. Bí ó bá ti tó máíkírógíráàmù 5 péré, àjọ náà ní ó yẹ kí wọ́n wá ibi tó ti ń wọlé kí wọ́n sì dí i.

Ikú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òwò tó pa wọ́n kò tíì kú, ó ń gbèrú sí i ni, nítorí pé bátìrì kò pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rí bó ṣe pọ̀ lónìí.

Oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì lálẹ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bola Tinubu ní Nàìjíríà, ó kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá tí ọ̀pọ̀ ìdílé àti oníṣòwò gbójú lé di ohun tí àpò wọn kò gbà mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo iná ìjọba orílẹ̀-èdè náà dàwátì ní ẹ̀ẹ̀kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé okùn tó so wọ́n pọ̀ ń já. Ẹni tó bá lágbára díẹ̀ yí ojú sókè sí oòrùn.

Iye tó wọlé ń fi èyí hàn. Ember, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa agbára iná tó wà ní Ìlú Ọba, sọ pé láàárín oṣù Keje ọdún 2024 sí oṣù Kẹfà ọdún 2025, agbára pánẹ́ẹ̀lì tí Nàìjíríà kó wọlé láti Ṣáínà lé ní mẹ́gáwáàtì 1,700. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà.

Pánẹ́ẹ̀lì kì í fi iná pamọ́, ṣùgbọ́n bátìrì ń fi í pamọ́, kì í sì í pẹ́ láyé bíi pánẹ́ẹ̀lì. Pánẹ́ẹ̀lì tó dára lè lo ọdún 25 lórí òrùlé. Bátìrì olójé tó wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ooru ilẹ̀ yìí, tí wọ́n sì ń lò ó tán pátápátá ní alaalẹ́, bó bá lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó gbìyànjú. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ra pánẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan lè ra bátìrì lẹ́ẹ̀marùn-ún kí pánẹ́ẹ̀lì náà tó gbó. Kí á fi bátìrì ọkọ̀ àti ọ̀kadà kún un, kí á fi ti òpó tẹlifóònù àti ti ilé ìfowópamọ́ kún un. Gbogbo wọn ló máa kú, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ lọ síbì kan.

Iná igi àti ìkòkò ti tó

Nínú gbogbo ohun tí aráyé ń lò, ó ṣòro láti rí èyí tó rọrùn láti sọ di tuntun bíi bátìrì olójé. Ó lé ní ìdajì ìwúwo rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Ìyókù ni ásíìdì àti ike tó gbé e ró. Òjé kì í gbó. Bí wọ́n bá yọ́ ọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún tí wọ́n sì tún un rọ, òjé náà ló ṣì ń jẹ́, ó sì tún lè di bátìrì. Ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo bátìrì ọkọ̀ tó bá kú ni ó ń padà sí iléeṣẹ́ tí yóò yọ́ ọ. Bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé tí kì í sọ nǹkan nù bá ń wá àpẹẹrẹ, èyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Yorùbá náà mọ òjé láti ìgbà pípẹ́. Òun ni wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ olóòṣà, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ohun tí alágbẹ̀dẹ àtijọ́ fẹ́ lára rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ewu lónìí: kò béèrè iná líle. Irin kì í yọ́ àfi bí iná bá gbóná kọjá 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òjé ń yọ́ ní 327. Ẹni tó bá ní igi ìdáná, ìkòkò irin àti àáké ti ní iléeṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́yìnkùlé kò ní àṣírí. Wọ́n á fi àáké tàbí àdá la bátìrì, wọ́n á da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, tòun ti òjé tó ti yòrò sínú rẹ̀. Wọ́n á kó àwọn awẹ́ òjé sínú ìkòkò lórí iná, wọ́n á sì da èyí tó yọ́ sínú ohun tí yóò fi dì. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é báyìí, òjé tí wọ́n ń rí kó kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì èyí tó wà nínú bátìrì náà lọ. Ìyókù bá èéfín lọ, tàbí ó wà nínú eérú àti ìdàrọ́ tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Eruku rẹ̀ bà sára ẹ̀fọ́, ó bà sínú kànga, ó sì bá òṣìṣẹ́ lọ sílé lára aṣọ rẹ̀. Ara ọmọdé sì ń fa òjé tó wọ inú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ.

Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ ní láti fi ẹ̀rọ fọ́ bátìrì nínú ilé tó ní òrùlé àti ilẹ̀ tí omi kò lè gbà kọjá. Ó ní láti gba ásíìdì náà jọ kó sì pa agbára rẹ̀. Iná ìléru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní asẹ́ tí yóò mú eruku kí èéfín tó jáde. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wẹ̀, kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó kúrò níbi iṣẹ́, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìgbàdégbà. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó jẹ́ ìmọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n owó ni gbogbo wọn.

Kí ló dé tí ọlọ́gbà ẹ̀yìnkùlé fi ń borí?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà so kọ́ sí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí, wọ́n sábà máa ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe ju nǹkan nù bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ike àti ọ̀rá mu. Kò kan bátìrì olójé rárá, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń jù ú nù. Ní ìlú ńlá èyíkéyìí láti Dakar dé Kano, bátìrì tó kú kì í pẹ́ nílẹ̀ kí oníkóńdẹ̀m tó ń ti ọmọlanke tó béèrè rẹ̀. Àwọn rẹ́wáyà ń tò ó jọ sílé iṣẹ́ wọn bí ẹni to ìṣù. Ẹni tó fẹ́ ra tuntun mọ̀ pé bí òun bá gbé tàtijọ́ dání, ọlọ́jà yóò yọ owó díẹ̀ fún òun.

Nítorí náà, bátìrì ti ń yípo ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́, kò sì sí àjọ kankan tó kọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ni ìyípo náà ń gbà kọjá.

Ká sọ pé olùrà méjì dé ọ̀dọ̀ alágbàtà kan tó kó ọgọ́rùn-ún bátìrì jọ. Ọ̀kan wá láti iléeṣẹ́ tó ní asẹ́, tó ní ìwé àṣẹ, tó ń san owó orí. Èkejì ń yọ́ tirẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn ìlú. Ti àkọ́kọ́ yóò rí òjé púpọ̀ sí i nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n gbèsè asẹ́, ti ẹ̀rọ, ti ilé àti ti oníṣègùn wà lọ́rùn rẹ̀. Èkejì ń pàdánù òjé púpọ̀ sínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò ná nǹkan kan. Ará abúlé ni yóò bá a san ìyókù, ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìwé tí ọmọ kò ti lè ka ìwé mọ́. Èkejì ló máa ń lè dá iye tó ga jù lé e. Alágbàtà kì í ṣe ìkà. Ó tà á fún ẹni tó san owó tó pọ̀.

Ásíìdì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ó wúwo, ó ń jo aṣọ àti awọ ara, òjé ni olùrà sì ń wá. Oníkóńdẹ̀m tó ń fi ọmọlanke rin ìrìn wákàtí mélòó kan kò rí ìdí tí òun yóò fi máa ti omi tí kò ní iye. Ó dà á sí gọ́tà kó tó gbéra. Bí ìjọba bá fẹ́ kí bátìrì dé iléeṣẹ́ tòun ti ásíìdì inú rẹ̀, àfi kí ẹnì kan san owó fún ásíìdì náà, nítorí pé ìkéde orí rédíò nìkan kò lè ṣe é.

Ogijo àti ojú ọ̀nà òkè òkun

Yóò jẹ́ àṣìṣe láti rò pé àwọn ọlọ́gbà ẹ̀yìnkùlé nìkan ló ń ṣe é. Ní Ogijo, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá Ìkòròdú pààlà, iléeṣẹ́ ńláńlá tó ní géètì àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ òjé láàárín ilé àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2025, ilé ìròyìn The Examination àti The New York Times gbé ìwádìí kan jáde nípa ibẹ̀. Nínú ènìyàn 70 tí wọ́n yọ̀ǹda kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìwọ̀n òjé tó wà lára nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá ti dé ibi tó lè ṣe ìpalára. Ìwádìí náà tọpa òjé láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìjọba Nàìjíríà ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa ní agbègbè náà lọ́dún yẹn.

Bí òjé ṣe ń rin ìrìn àjò yìí láìsí ẹni tó dá a dúró ní àlàyé nínú òfin. Àdéhùn Basel ti ọdún 1989 ka bátìrì tó kú mọ́ ìdọ̀tí olóró, kò sì gbà kí wọ́n kó o kọjá ẹnu ibodè láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó ń gbà á fọwọ́ sí i. Àdéhùn Bamako ti ọdún 1991, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fúnra wọn ṣe, le ju bẹ́ẹ̀ lọ; ó fòfin de kíkó ìdọ̀tí olóró wọ Áfíríkà pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti yọ́ bátìrì náà tí òjé rẹ̀ di ègé tó ń dán, kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́. Ó ti di ọjà, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tó bá wù ú. Òjé lọ sókè òkun, èéfín rẹ̀ wà nílé.

Ẹni tó bá ń retí pé òfin Yúróòpù yóò dí ihò yìí gbọ́dọ̀ kà á dáadáa. Òfin bátìrì tuntun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ni òfin tó gbòòrò jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo àgbáyé. Láti oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì ọkọ̀ oníná àti bátìrì ńlá ti iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2031, òjé inú bátìrì tí òfin náà kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àtúnlò ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Ti cobalt jẹ́ ìdá 16, ti lithium àti nickel jẹ́ ìdá mẹ́fà mẹ́fà.

Òfin kan náà sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá wádìí orísun ohun tí wọ́n ń lò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń jìyà níbi tí wọ́n ti ń wà á tàbí tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ti sún apá yìí síwájú di oṣù Kẹjọ ọdún 2027. Ohun mẹ́rin ni orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí: cobalt, graphite, lithium àti nickel. Kò sí òjé níbẹ̀.

Lóòótọ́, òjé àtúnlò ti pọ̀ ní Yúróòpù kí òfin náà tó dé, nítorí náà kò dájú pé ìdá 85 yẹn nìkan yóò fa òjé Áfíríkà lọ. Síbẹ̀, òfin tó ń béèrè òjé àtúnlò, tí kò sì béèrè ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fi tún un lò, ti fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Òfin wà nílé, àmúṣẹ ńkọ́?

Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Àjọ NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ló ń rí sí ìlànà àyíká, ìjọba sì ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2024 lórí bátìrì nìkan. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe bátìrì tàbí tó kó o wọlé ni yóò gbé ẹrù òkú rẹ̀ nígbà tó bá kú. Àwọn oníṣòwò bátìrì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún un, tí wọ́n ń pè ní Alliance for Responsible Battery Recycling. Ghana náà ní òfin Act 917 ti ọdún 2016, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kó ohun èlò oníná wọlé, kí wọ́n lè fi tọ́jú àlòkù wọn.

Brazil ń fi hàn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ lè rìn ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ bíi Jámánì. Láti ọdún 1999 ni àjọ ìjọba tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀, CONAMA, ti pa á láṣẹ pé kí ọlọ́jà gba bátìrì tó kú lọ́wọ́ oníbàárà, kí ẹni tó ṣe é sì gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ọkọ̀ tó gbé tuntun lọ ló ń gbé òkú bọ̀. Àṣà gbígbé tàtijọ́ wá ti wà ní ọjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láìsí òfin. Ohun tó kù ni kí ẹ̀dínwó tí ọlọ́jà ń fún ẹni tó gbé tàtijọ́ wá ju iye tí ọlọ́gbà ẹ̀yìnkùlé lè san lọ, kí òkú náà lè padà sọ́wọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sin ín. Owó yẹn ní láti wá láti ara bátìrì tuntun. Bátìrì yóò wọ́n díẹ̀ sí i. Àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ gbólóhùn yẹn síta, pàápàá ní àsìkò tí gbogbo nǹkan ti wọ́n.

Títi ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ pa ní ìṣòro tirẹ̀ náà. Bí ìjọba bá ti iléeṣẹ́ ńlá mẹ́wàá pa lọ́jọ́ kan, bátìrì ọjọ́ yẹn kò ní dúró. Yóò kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kò sí géètì tí àwọn aláṣẹ lè kan lẹ́dìídì. Bí wọ́n bá sì ṣí wọn padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí asẹ́ tuntun, ará ìlú yóò gbà pé ìwé owó ló ṣí ilẹ̀kùn náà. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò dùn ún fi ṣe ìròyìn: àyẹ̀wò tí kì í dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín lọ́sàn-án àti lóru, àti àbájáde tí wọ́n ń tẹ̀ síta kí àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lè kà á.

Ta ni yóò sì san owó ìtọ́jú ilẹ̀ tó ti bàjẹ́? Ìlà Oòrùn Áfíríkà ti dáhùn. Ní Owino Uhuru, àdúgbò tálákà kan ní Mombasa ní Kenya, iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ bátìrì kó májèlé òjé bá àwọn ará ibẹ̀. Phyllis Omido, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà nígbà kan, tí wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tirẹ̀, ló ṣáájú ìjà náà. Ó gba ẹ̀bùn Goldman ní ọdún 2015. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Mombasa dá a lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san bílíọ̀nù 1.3 owó ṣílè Kenya fún àwọn ará àdúgbò náà, kì í ṣe iléeṣẹ́ nìkan ló sì dá lẹ́bi, ó dá àwọn ẹ̀ka ìjọba tó fún un láṣẹ lẹ́bi pẹ̀lú. Ẹjọ́ náà gun òkè títí, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fìdí owó náà múlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kò sí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Thiaroye-sur-Mer lè tọ́ka sí.

Ṣé lithium ni yóò gbà wá?

Ọ̀pọ̀ ń wo bátìrì lithium bí ọ̀nà àbáyọ, wọ́n sì jàre dé ààyè kan. Kò sí òjé nínú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lò jù fún iná ilé báyìí, tí wọ́n fi lithium, irin àti phosphate ṣe, lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní cobalt, ohun tí ìdá tó pọ̀ jù lọ rẹ̀ lágbàáyé ń wá láti Congo, kò sì ní nickel.

Àìní cobalt yìí náà ni wàhálà rẹ̀ lọ́jọ́ ikú. Bátìrì olójé tó kú níye lórí, nítorí náà gbogbo ènìyàn ń wá a. Bátìrì lithium onírin tó kú kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó níye nínú, ó ṣòro láti tú, bí wọ́n bá sì lu ú tàbí tí wọ́n gún un, ó lè gbiná. Àwọn iléeṣẹ́ tó lè yọ lithium padà nínú rẹ̀ wọ́pọ̀ jù ní Ṣáínà, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀hún sì lè ju iye tó wà nínú rẹ̀ lọ. Oníkóńdẹ̀m kò ní béèrè rẹ̀, orí ààtàn ni yóò lọ. Bí ìjọba bá fi ọdún mẹ́wàá tí bátìrì wọ̀nyí ní láti gbé láyé ṣeré, òkìtì wọn yóò dé kí ètò tó dé.

Àǹfààní kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jẹ láìdúró de ìjọba. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti kú kì í kú tán. Nínú ọmọ bátìrì mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé méjì péré ló bàjẹ́. Wọ́n ń tú wọn, wọ́n ń yẹ wọ́n wò, wọ́n ń so àwọn tó ṣì lágbára pọ̀ di iná àtùpà àti ti fáànù. Bátìrì ọkọ̀ oníná tí kò lè gbé ọkọ̀ rìn jìnnà mọ́ ṣì lè tan iná ilé fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìsí ẹ̀rọ ààbò ń fi iná ṣeré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́ wọn tí wọ́n sì fún wọn ní irinṣẹ́, iṣẹ́ gidi ni.

Orísun lithium náà kò mọ́ tó bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe ń sọ. Ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìròyìn AP jábọ̀ nípa àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó tí wọ́n ti ń wa lithium láìgbàṣẹ ní Pasali, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ìpínlẹ̀ Zamfara sì ti fi ojú rí ohun tí kùsà tí kò ní àbójútó lè ṣe. Ní ọdún 2010, ó lé ní irínwó ọmọdé tí òjé pa níbẹ̀, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn òbí wọn ń gún tí wọ́n sì ń lọ̀ nínú agbo ilé.

Ní báyìí ná, ohun tó rọrùn jù, tí kò sì dúró de òfin kankan, ni kí bátìrì tó wà nílẹ̀ pẹ́ kó tó kú. Ooru ń pa á. Kì í ṣe orí òrùlé onípáànù ni ó yẹ kó wà. Lílo bátìrì olójé tán ráúráú kí wọ́n tó gba iná sí i ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Èyí tó jẹ́ olómi ń béèrè omi bátìrì látìgbàdégbà, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga. Rẹ́wáyà èyíkéyìí mọ èyí. Bátìrì tó lo ọdún márùn-ún dípò méjì ti dín òjé tí wọn yóò yọ́ kù ju ìdajì lọ.

Ní ti àwọn tí òjé ti dé ara wọn, oògùn wà tó ń fà á jáde nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tún ọpọlọ tó ti bàjẹ́ ṣe, kò sì wúlò fún ọmọ tí wọ́n bá dá padà sí yàrá tí eruku òjé ṣì wà. Inú egungun ni òjé tó pọ̀ jù lára ènìyàn ń sá pamọ́ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ a máa fa calcium láti inú egungun rẹ̀ láti fi mọ egungun ọmọ inú rẹ̀, òjé a sì bá a jáde. Àwọn ọmọbìnrin Ngagne Diaw tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí àwọn ìyá wọn ń jọ̀ yanrìn ti dé ọjọ́ orí ìbímọ báyìí.